Owó wà nínú àgbáyun, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbìn ín ló máa rí i

Kò sí ìgbà tí èèyàn máa wọ ọjà Àkẹ̀sán ní ìlú Ọ̀yọ́, tàbí tó máa gba Tàkíè kọjá ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò ní rí èso rà. Bí ìgbà àgbálùmọ̀ bá dé, òkìtì òkìtì ló máa ń wà nílẹ̀. Bí ti máńgòrò bá dé, ó máa ń pọ̀ débi pé ewúrẹ́ gan-an kì í yà á wò mọ́. Bí òjò bá sì ti ń rọ̀ dáadáa, ìyeyè náà á yọjú nínú abọ́. Ṣùgbọ́n èso kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá ń wá a ní láti bi èèyàn mẹ́ta, mẹ́rin, kó tó rí àgbàlagbà kan tó máa dá a lóhùn pé, "Háà, igi ẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé bàbá wa nígbà kan, wọ́n ti gé e nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́lé."

Àgbáyun lorúkọ èso náà. Kò gùn ju oríkèé ìka kan lọ, ó máa ń pupa fòò bó bá ti pọ́n, kóró kan ṣoṣo ló sì wà nínú ẹ̀. Igi ẹ̀ kì í ga bí ìrókò tàbí máńgòrò, igi kékeré tó ń yọ ẹ̀ka láti ìsàlẹ̀ ni. Àwọn tí wọ́n tọ́ dàgbà lóko mọ eré tí ọmọdé máa ń fi ṣe. Wọ́n á jẹ ẹyọ kan, wọ́n á yí i kiri lẹ́nu títí ẹran ara ẹ̀ á fi tán, wọ́n á tu kóró ẹ̀ dànù, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fá ọsàn wẹ́wẹ́ lá. Ọsàn wẹ́wẹ́ tó máa ń mú kí ojú èèyàn rún á wá dùn bí oyin. Ẹni tí kò bá rí i rí lè pè é ní oògùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn, bí Ọlọ́run ṣe dá èso náà ni.

Ibi tí àṣìṣe oníṣòwò ilẹ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nítorí pé ọmọdé ló ń fi ṣeré, àgbà kò kà á sí ọjà. Àwọn òyìnbó tó dé etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò wò ó bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1725, ará Faransé kan tí wọ́n ń pè ní Chevalier des Marchais ti kíyè sí i pé àwọn èèyàn agbègbè yìí máa ń jẹ èso pupa kan kí wọ́n tó jẹun. Lọ́dún 1852, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, William Freeman Daniell, kọ̀wé nípa ẹ̀ sínú ìwé ìròyìn àwọn apòògùn ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fi í mú kí oúnjẹ àgbàdo tó ti kan àti ẹmu tó ti kan dùn lẹ́nu. Ẹni tó bá mọ ẹ̀kọ ọjọ́ kẹta àti ẹmu ìrọ̀lẹ́ á mọ ohun tí dókítà náà ń sọ.

Nígbà tó di ọdún 1968, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti yọ ohun tó ń ṣe iṣẹ́ náà jáde. Kenzo Kurihara, ọmọ ilẹ̀ Japan, àti Lloyd Beidler ṣe é ní Florida lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn mìíràn náà sì ṣe é ní ilẹ̀ Netherlands lọ́dún yẹn kan náà. Purotéènì ni wọ́n bá nínú ẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní miraculin. Ohun tó yẹ kí oníṣòwò mọ̀ nípa ẹ̀ kò le. Purotéènì yìí fúnra ẹ̀ kò dùn. Ńṣe ló máa ń lẹ̀ mọ́ ibi tí ahọ́n fi ń mọ adùn. Bí nǹkan kíkan bá wá kàn án, ahọ́n á sọ pé adùn lòun tọ́ wò. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó sì lè tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó kúrò lẹ́nu. Ohun tí kò bá kan kò ní ti ara ẹ̀ dùn sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ooru máa ń ba purotéènì náà jẹ́, ẹni tó bá se àgbáyun lórí iná ti sọ ọ́ di èso lásán.

Láti ìgbà náà ni àwọn oníṣòwò òkè òkun ti ń dọdẹ ẹ̀. Robert Harvey, ará Amẹ́ríkà kan, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe é, dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Miralin. Èrò wọn ni pé àwọn aláìsàn àtọ̀gbẹ àti àwọn tó fẹ́ dín ṣúgà kù máa fi àgbáyun rọ́pò adùn ṣúgà. Owó ńlá wọlé sí iṣẹ́ náà. Àfi bó ṣe di ọdún 1974 tí FDA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, sọ pé àfikún oúnjẹ ni àgbáyun, pé wọn kò sì lè máa tà á bẹ́ẹ̀ láìṣe àyẹ̀wò tó máa gba ọ̀pọ̀ ọdún. Owó tán lọ́wọ́ Miralin, ilé-iṣẹ́ náà sì kógbá sílé. Ọdún 2021 ni Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa ta àgbáyun gbígbẹ gẹ́gẹ́ bí àfikún oúnjẹ fún àgbàlagbà, yàtọ̀ sí aláboyún àti abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́mú. Ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Sípéènì ló sì gba ìwé àṣẹ náà. Ọmọ Ọ̀yọ́ kò sí níbẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà nínú ìtàn yìí fún oníṣòwò kékeré. Èkíní ni pé kì í ṣe àlá lásán ni ọjà àgbáyun, àwọn tó ju oníṣòwò kékeré lọ ti fi owó wọn dán an wò. Èkejì ni pé ẹni tó bá gbé gbogbo ọkàn lé ọjà òkè òkun nìkan lè jí lọ́jọ́ kan kó rí i pé ìwé kan ṣoṣo láti ọ́fíìsì kan ti pa ọjà náà. Ilé làá ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọjà tí kò bá ní oníbàárà nílé, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi owó èésú ẹ̀ lé e lọ sí Yúróòpù.

Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí sí ohun tó sún mọ́ ilé ju àgbáyun lọ. Ìyá olówó ewé tó ń ta ewé eéran fún àwọn tó ń pọ́n mọ́ínmọ́ín mọ ewé náà dáadáa, ó mọ èyí tó le àti èyí tó máa ń ya. Ṣùgbọ́n ewé yìí ní èso pupa kan tó máa ń so nísàlẹ̀, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ilẹ̀. Àwọn tó ń já ewé máa ń fi í sílẹ̀ kó jẹrà. Nínú èso yẹn ni wọ́n ti rí thaumatin, tí adùn ẹ̀ fi ìlọ́po tó ju ẹgbẹ̀rún méjì lọ ju ti ṣúgà lọ. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tó di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí, ṣe ìwádìí lórí ewé náà. Àwọn Tate & Lyle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sọ ọ́ di ọjà, tí wọ́n pè é ní Talin. Ní Yúróòpù, E957 ni nọ́ńbà ẹ̀ lára páálí oúnjẹ. Ewé ló kù sọ́wọ́ àwọn tó ni igbó, owó inú èso bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí wọn kò bá ṣọ́ra, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èso ewé eéran náà ló máa ṣẹlẹ̀ sí àgbáyun.

Àmọ́ kì í ṣe òyìnbó nìkan ni kí wọ́n dá lẹ́bi. Bí oníṣòwò kan bá gbọ́ lónìí pé àgbáyun ń pa owó, ohun àkọ́kọ́ tó máa wá sí i lọ́kàn ni pé kó rán àwọn ọmọ lọ sínú igbó, kí wọ́n lọ ká a wá. Igbó wo? Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣe inú aginjù igbó bí Oǹdó. Ibi tí igbó ti ń pàdé ọ̀dàn ni. Àgbáyun fẹ́ràn ibòòji àti ilẹ̀ tó tutù, nítorí náà etí odò àti ẹ̀yìnkùlé àtijọ́ ló ti lè dúró ní agbègbè yìí. Ibi wọ̀nyẹn gan-an sì ni èèyàn ń gé jù. Wọ́n ń gé e kọ́lé, wọ́n ń gé e dáná, wọ́n ń sun èédú tí wọ́n ń kó sínú àpò sí ẹ̀gbẹ́ títì. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, iná tí wọ́n dá sí ìgbẹ́ láti fi lé ewújù á wá gbá ìyókù lọ. Ẹni tó bá lọ ká ìwọ̀nba èso tó kù lórí ìwọ̀nba igi tó kù ń ta kóró ọ̀la ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì mọ sórí èèyàn. Àgbáyun, oorì, àbo àti ẹ̀gbẹ̀sì, gbogbo wọn ni igi ìgbẹ́ tí ẹyẹ, ọ̀bọ àti àdán lè jẹ èso wọn. Agbe àti àlùkò tí àwọn àgbà máa ń dárúkọ bí wọ́n bá ń súre fọ́mọ, èso igi ni olórí oúnjẹ wọn. Àwọn ẹran àti ẹyẹ yìí ló ń gbé kóró láti ibì kan lọ sí ibòmíràn, tí igi fi ń hù níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbìn ín sí. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, wọn kò gba owó oṣù. Ọ̀pọ̀ ẹyẹ tó ń jẹ èso ló tún ń jẹ kòkòrò tó ń ba oko jẹ́. Ibi tí wọ́n bá ti gé gbogbo igi eléso ìgbẹ́ tán, ẹyẹ á lọ, kòkòrò á jókòó, àgbẹ̀ á wá máa na owó lé oògùn apakòkòrò. Ọgbà Ẹranko Ọ̀yọ́-Ilé, tí olú-ọ́fíìsì ẹ̀ wà ní ìlú Ọ̀yọ́, ṣì ní irú ìgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kò fàyè gba ẹnikẹ́ni láti wọlé lọ kó èso àti igi ibẹ̀ tà, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ta àgbáyun ní láti kọ́kọ́ gbìn ín. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò ti máa ń yí ojú padà. Wọ́n á ní igi tó máa lo ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó so, ta ló fẹ́ dúró dè é nígbà tí owó ilé-ìwé ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀? Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Àmọ́ kí wọ́n bi àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ní oko kajú léèrè. Kajú náà kì í so lọ́dún tí wọ́n bá gbìn ín, ó ń gbà tó ọdún mẹ́ta kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so ohun tó ṣeé tà. Síbẹ̀ wọ́n dúró dè é, wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo sáàárín ẹ̀ títí tó fi dàgbà. Lónìí, ara ohun tí wọ́n mọ ìlú náà mọ́ ni kajú àti máńgòrò. Ẹni tó ní sùúrù fún kajú, kò sí ìdí tí kò fi lè ní sùúrù fún àgbáyun, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé àgbáyun kò gba ilẹ̀ tó pọ̀, etí ibòòji máńgòrò tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó o.

Owó tó sì tètè ń wọlé jù nínú ẹ̀ kì í ṣe ti èso, ti ọmọ igi ni. Àwọn tó ń hu ọmọ igi ọsàn, ti píà àti ti òdòdó tà létí títì ti mọ iṣẹ́ yìí. Kóró àgbáyun kò ṣeé tọ́jú. Kì í ṣe bíi ti àgbàdo tí wọ́n máa so rọ̀ sókè àdògán di ọdún tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá ti yọ ọ́ kúrò nínú èso, wọ́n gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ mọ́, kí wọ́n sì gbìn ín láàárín ọjọ́ díẹ̀, nítorí bó bá ti gbẹ, ó ti kú. Wọ́n á gbìn ín sínú ọ̀rá dúdú tí wọ́n rọ ilẹ̀dú sí, wọ́n á gbé e sábẹ́ ibòòji, wọ́n á máa bu omi rin ín láì jẹ́ kí omi dúró sí i lẹ́sẹ̀. Ilẹ̀ tó bá kan díẹ̀ ló fẹ́ràn, nítorí náà kí wọ́n má ṣe da eérú sí i lẹ́sẹ̀, kí wọ́n má sì gbìn ín síbi tí omi ọṣẹ ń ṣàn gbà. Bó bá hù, kì í yára dàgbà, ẹni tó bá ń kánjú á rò pé ó ti kú. Gígé ẹ̀ka ẹ̀ rì mọ́lẹ̀ bíi ti ẹ̀gẹ́ kì í sábà bọ́ sí i.

Oníṣòwò tó bá gbọ́ àlàyé yìí dáadáa á rí i pé ibi tí iṣẹ́ náà ti le gan-an ni èrè ẹ̀ wà. Bí kóró kò bá ṣeé kó pamọ́, kò sí ẹni tó lè kó o wá láti ọ̀nà jíjìn wá bá a díje lọ́jà. Ẹni tó bá ní igi méjì tó ń so ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló máa máa hu ọmọ igi fún gbogbo agbègbè náà. Ẹni tó bá sì gbé kóró gbígbẹ wá fún oníbàárà pé àgbáyun ni, kí oníbàárà náà rọra di owó ẹ̀ mú, nítorí kóró tó ti gbẹ kò ní hù.

Lẹ́yìn ọmọ igi ni ọ̀rọ̀ kan àwọn tó ń ta oúnjẹ àti ohun mímu. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni àgbáyun tútù máa ń lò kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, ìdí nìyẹn tí kì í fi í dé ọjà tó jìnnà. Àmọ́ kí ló dé tí àgbáyun Ọ̀yọ́ fi gbọ́dọ̀ kúrò ní Ọ̀yọ́? Ìyá tó ń ta sobo mọ iye tó ń ná lórí ṣúgà. Sobo tí wọn kò fi ṣúgà sí máa ń kan. Ohun tí àgbáyun sì ń wá gan-an nìyẹn. Bí ó bá ta ìgò sobo aláìníṣúgà kan, tó fi ẹyọ àgbáyun kan tì í, oníbàárà á jẹ èso náà kó tó mu ún, adùn á sì dé láìsí ṣíbí ṣúgà kan nínú ìgò. Oníyógọ́ọ̀tì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ta ògì tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjọba Àpapọ̀ pàápàá ti fi hàn pé ọ̀rọ̀ ṣúgà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Òfin ìṣúná ọdún 2021 ló bu owó orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n fi ṣúgà sí. Oníbàárà tó ń wá ohun mímu tí kò ní ṣúgà ti wà lóde, ẹni tó máa fún un ní èyí tó dùn ló ń wá.

Ṣùgbọ́n ibí yìí ni ẹsẹ̀ ti lè yọ̀. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé èso kan ń rọ́pò ṣúgà, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi gbé gbohùngbohùn sórí mọ́tò, tó máa ní àgbáyun ń wo àtọ̀gbẹ, ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ń wo jẹjẹrẹ. Irọ́ ni. Àgbáyun lè ran ẹni tó fẹ́ dín ṣúgà kù lọ́wọ́ láti dín in kù, kò lè rọ́pò oògùn tí dókítà kọ fún un. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti fún àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ díẹ̀ jẹ, nítorí pé ìtọ́jú tí wọ́n ń gbà máa ń ba ìtọ́wò ẹnu wọn jẹ́. Kí oúnjẹ lè bá wọn lẹ́nu mu ni wọ́n ṣe fún wọn, kì í ṣe láti wo àrùn náà. Ó tún yẹ kí wọ́n máa sọ fún oníbàárà pé ahọ́n nìkan ni àgbáyun ń tàn jẹ. Ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́wàá tó dùn lẹ́nu, kíkan ni yóò dé ikùn, eyín náà yóò sì mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó bá sì fẹ́ di í sínú ike, kó lẹ orúkọ mọ́ ọn, kó sì máa tà á fún gbogbo ayé, ọ̀dọ̀ NAFDAC ló yẹ kó kọ́kọ́ yà. Irọ́ kan ṣoṣo lẹ́nu ẹnì kan lè ba ọjà gbogbo ẹgbẹ́ jẹ́.

Ìpele kẹta ni ti gbígbẹ, òun ló sì nira jù. Nítorí pé ooru ń ba iṣẹ́ àgbáyun jẹ́, kì í ṣe ohun tí wọ́n lè fi ààrò yan. Ẹ̀rọ tó ń mú un dì bíi yìnyín, tó tún ń fa omi inú ẹ̀ jáde, ni wọ́n ń lò lókè òkun. Owó ẹ̀rọ náà kì í ṣe owó tí ẹnì kan lè dá yọ lápò, iná tó máa lò kì í sì í ṣe iná tí wọ́n máa ń mú lọ mú bọ̀. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìpele yìí bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ogún tàbí ọgbọ̀n nínú ọmọ ẹgbẹ́ ẹ̀ bá ti ní igi tó ń so lè jọ ra fíríísà tó ń lo sólà, kí wọ́n máa kó èso sí i, kí wọ́n sì wá oníbàárà kan tó ní ẹ̀rọ gbígbẹ. Ẹnu ẹgbẹ́ á tólẹ̀ nígbà náà, nítorí ẹni tó ní èso púpọ̀ lè dá iye lé ọjà ẹ̀. Ẹni tó ní agbọ̀n kan, iye tí wọ́n bá fún un ló máa gbà.

Ìmọ̀ tí wọ́n nílò kò jìnnà. LAUTECH wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti ọdún 1990, ó sì ní ẹ̀ka ètò ọ̀gbìn. Ìbàdàn kò jìnnà sí Ọ̀yọ́, ibẹ̀ ni NIHORT tó ń ṣèwádìí lórí èso àti ẹ̀fọ́ wà, ibẹ̀ ni FRIN tó ń rí sí igi igbó wà, ibẹ̀ náà sì ni NACGRAB tó ń tọ́jú irúgbìn ilẹ̀ yìí wà. Owó orí àwọn aráàlú ni wọ́n fi dá wọn sílẹ̀. Ohun tó yẹ ni pé kí ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò lọ kan ilẹ̀kùn, kí wọ́n béèrè ibi tí wọ́n ti lè rí ọmọ igi tó dára, kí wọ́n sì ní kí wọ́n ran òṣìṣẹ́ wá kọ́ àwọn. Ó sì yẹ kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó máa ń pín ọmọ igi lásìkò òjò ronú sí irú igi tí wọ́n ń pín. Igi òkèèrè tí kò so ohun tí ẹnikẹ́ni lè jẹ ni wọ́n sábà máa ń gbìn síwájú ilé-ìwé àti ọ́fíìsì. Bí wọ́n bá fi àgbáyun kún un níbi tó bá ní ibòòji, tí wọ́n fi oorì kún un níbi tó bá jẹ́ ọ̀dàn, ẹyẹ á jẹ, ọmọdé á jẹ, ẹni tó bá sì fẹ́ mú kóró hù á rí i mú.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tó yẹ kó dé etí gbogbo ẹni tó ní owó díẹ̀ lọ́wọ́. Láìpẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ní Nàìjíríà fi owó sọ́wọ́ àwọn tó ní kí wọ́n wá fi ṣe oko láìfojú rí oko náà, pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà èrè ńlá á wọlé. Oko ò sí, èrè ò sí, ẹni tó gba owó náà ò sí mọ́. Bí ariwo àgbáyun bá bẹ̀rẹ̀, irú wọn á tún dé. Igi tó ń lo ọdún mẹ́ta kó tó so kò lè san èrè lóṣù mẹ́fà, ẹni tó bá sọ pé ó lè san án ti fi ẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́. Ibi tó dára jù tí oníṣòwò lè fi owó àgbáyun sí ni ilẹ̀ tó lè rìn dé fúnra ẹ̀, tó lè bomi rin.

Igi mélòó lèèyàn nílò láti bẹ̀rẹ̀? Márùn-ún tó. Ọ̀rá dúdú márùn-ún, ilẹ̀dú, abẹ́ igi máńgòrò kan àti ẹni tí kò ní gbàgbé omi nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹni tó bá gbin márùn-ún lójò ọdún yìí, tó bá fi máa di ọdún kẹrin, ó ti lè máa ká èso, ó ti lè máa hu ọmọ igi tà, ẹyẹ á sì ti máa bá a pín in, kí ó má jowú wọn. Ẹni tó bá sì ní kí àwọn ẹlòmíràn kọ́kọ́ gbìn ín ná, òun náà á rí àgbáyun jẹ lọ́jọ́ kan. Nínú ike òyìnbó ni yóò ti rà á, iye tí wọ́n bá sì kọ sí i lára ni yóò san.